Ìkúnlẹ̀ Níwájú Adájọ́: Ààlà Tí Òfin Fi Sí Gbígba Ẹ̀bi àti Ìdúnàádúrà Ẹjọ́

       

Ìgbìmọ̀ ètò àpéjọ yìí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí apá kan nínú òfin tó kan ará ilé àti ará oko. Èyí tí mo yàn ni ọ̀rọ̀ ẹni tó dìde dúró níwájú adájọ́ tó sì ní òun jẹ̀bi, àti ti àdéhùn tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè bá olùpẹjọ́ ṣe kí ìyà rẹ̀ lè fúyẹ́, èyí tí àwọn agbẹjọ́rò ń pè ní plea bargain, tí èmi yóò máa pè ní ìdúnàádúrà ẹjọ́. Òfin fi ààyè sílẹ̀ fún méjèèjì. Òfin kan náà sì fi ààlà sí wọn. Àwọn ààlà yẹn ni mo wá sọ, nítorí pé bí àwa ará ìlú kò bá mọ̀ wọ́n, kò sẹ́ni tí yóò bá wa ṣọ́ wọn.

Ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe ìjẹ́wọ́

Àwọn baba wa ní, ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò tíì fi òwe yìí gba ọmọ ẹlòmíràn nímọ̀ràn rí nínú wa. Ṣùgbọ́n òwe náà kò wí pé ẹni tó bá ti kúnlẹ̀ ló jẹ̀bi. Ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi ló ń bá wí. Mímọ̀ ló ṣáájú, ìkúnlẹ̀ ló tẹ̀ lé e.

Nínú ilé Yorùbá, ìkúnlẹ̀ tún ní iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe. Ìyàwó ilé tí ìyá ọkọ ń bínú sí, bí kì í tilẹ̀ ṣe òun ló fọ́ àwo, àwọn àgbà á ní kó kúnlẹ̀, kó ní “ẹ má bínú, màmá.” Ọmọ iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ fẹ̀sùn kàn á dọ̀bálẹ̀ gbalaja kó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé pé òun kọ́. Àgbà tó ń parí ìjà á fa ẹni tó jàre sẹ́yìn ilé, á bẹ̀ ẹ́ pé kó fara mọ́ ẹ̀bi náà kí ọ̀rọ̀ lè tán nílẹ̀. Mi ò bẹnu àtẹ́ lu àṣà yìí rárá. Òun ló mú ọ̀pọ̀ agbo-ilé wa dúró di òní. Bí ìjà bá parí lọ́nà bẹ́ẹ̀, ẹni tó jàre àti ẹni tó jẹ̀bi á jọ jẹun alẹ́, kò sì sí ìwé tí ẹnikẹ́ni kọ orúkọ wọn sí.

Kóòtù kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gba ẹ̀bi níbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ lè tán, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Wọ́n á ti tẹ ìka rẹ̀, orúkọ rẹ̀ á wọ ìwé àwọn ọ̀daràn. Fọ́ọ̀mù físà á bi í bóyá wọ́n ti dá a lẹ́bi rí. Ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ gbà á sí iṣẹ́ owó á bi í. Bó bá sì fẹ́ du ipò, Ìwé Òfin orílẹ̀-èdè yìí ti 1999 ní ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́bi ìwà àìṣòótọ́ láàárín ọdún 10 ṣáájú ìdìbò kò yẹ fún ipò aṣòfin, gómìnà tàbí ààrẹ. Ọmọ ọdún 19 tó sọ ọ̀rọ̀ méjì nínú kóòtù láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé lè máa ru ẹrù wọn títí yóò fi bímọ.

Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ kan. Wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá, wọ́n ní ó jí ẹ̀rọ amúnáwá kékeré. Akọ̀wé kóòtù ka ẹ̀sùn, ó bi í bóyá ó jẹ̀bi. Ó ní: “Mo jẹ̀bi, sà. Èmi ni mo gbé e. Ẹni tó ni ín ló jẹ mí lówó iṣẹ́ oṣù méjì, mo ní bó bá san án, màá dá a padà. Ẹ ṣàánú mi.” Ṣé ọmọ yìí ti gba ẹ̀bi olè? Ó lo ọ̀rọ̀ náà, ó tún fi ẹ̀bẹ̀ tì í. Ṣùgbọ́n abala 23 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí a jogún lọ́wọ́ àwọn òyìnbó sọ pé ẹni tó fi òótọ́ inú gbà pé òun ní ẹ̀tọ́ sí ohun tí òun mú, tí kò sì ní ẹ̀tàn lọ́kàn, kò dáràn olè. Ohun tí ọmọ náà sọ lẹ́yìn “mo jẹ̀bi” ti fọ́ “mo jẹ̀bi” túútúú. Adájọ́ tó mọṣẹ́ rẹ̀ yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé olùjẹ́jọ́ kò gba ẹ̀bi, yóò sì pàṣẹ kí olùpẹjọ́ kó ẹlẹ́rìí wá. Adájọ́ tó ń kánjú yóò gbọ́ gbólóhùn àkọ́kọ́ nìkan.

Ohun tí adájọ́ gbọ́dọ̀ ṣe

Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2015, tí àwọn agbẹjọ́rò ń pè ní ACJA, kò fi ọ̀nà gbígba ẹ̀bi sílẹ̀ fún ìfẹ́ inú adájọ́. Abala 274 rẹ̀ pàṣẹ pé bí olùjẹ́jọ́ bá ní òun jẹ̀bi, kí kóòtù kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sún mọ́ ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde tó. Kí olùpẹjọ́ ro bí ọ̀ràn náà ṣe ṣẹlẹ̀. Kí adájọ́ sì tún bi olùjẹ́jọ́ bóyá ohun tí olùpẹjọ́ rò yìí ni òun gbà. Ìgbà tó bá dá adájọ́ lójú pé ọkùnrin tàbí obìnrin náà gba gbogbo ohun tó so ọ̀ràn náà ró ni yóò tó dá a lẹ́bi.

Ṣáájú gbogbo ìyẹn ni ọ̀rọ̀ èdè wà. Abala 36 nínú Ìwé Òfin 1999 sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀sùn fún olùjẹ́jọ́ ní èdè tó gbọ́, pẹ̀lú àlàyé, àti pé bí kò bá gbọ́ èdè kóòtù, ọ̀fẹ́ ni ògbufọ̀ yóò jẹ́ fún un. Ní 1988, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fi ẹsẹ̀ èyí múlẹ̀ nínú ìdájọ́ tí gbogbo agbẹjọ́rò ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ òfin: bí wọn kò bá ka ẹ̀sùn náà, kí wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ kó yé olùjẹ́jọ́, gbogbo ẹjọ́ tó tẹ̀ lé e di asán. Mo fẹ́ kí ẹ ronú sí èyí dáadáa. Ẹ rántí apẹja Ègùn láti Badagry tí wọ́n fi Yorùbá ka ẹ̀sùn fún, àti Haúsá tó ń tún bàtà ṣe ní Ṣáṣá tí ògbufọ̀ rẹ̀ kò ju ẹlẹ́wọ̀n ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Àwa Yorùbá gan-an ńkọ́? Bí ògbufọ̀ bá bi ìyá arúgbó ará Ìlàjẹ pé “ṣé òótọ́ ni,” tí ìyá náà ní “òótọ́ ni,” èwo nínú ọ̀rọ̀ inú ẹ̀sùn náà ló pè ní òótọ́? Pé òun wà níbẹ̀ ni, àbí pé òun mọ̀ pé ẹrù olè ni òun rà? Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni ẹ̀wọ̀n.

Àwọn ọ̀ràn kan wà tí òfin kò gba ìkúnlẹ̀ níbẹ̀ rárá. Bí ẹ̀sùn náà bá jẹ́ èyí tí ìyà rẹ̀ jẹ́ ikú, bí olùjẹ́jọ́ tilẹ̀ ké títí pé òun ni òun pa á, abala 274 ní kí kóòtù kọ “kò jẹ̀bi” sílẹ̀ fún un, kí wọ́n sì gbọ́ ẹjọ́ náà látòkè délẹ̀. Kì í ṣe pé òfin ń ṣàánú apànìyàn. Ohun tó mú un rí bẹ́ẹ̀ ni pé ẹ̀mí tí ìjọba bá gbà kò ṣeé dá padà, ẹnu ẹni kan ṣoṣo kò sì tó láti fi gbà á. Inú ẹni lè bàjẹ́ débi pé ikú ń wù ú. Ẹlòmíràn lè fẹ́ kú fún ọmọ rẹ̀. Bákan náà ni àwọn ilé-ẹjọ́ wa ti sọ pé ọ̀ràn tó ń fẹ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, irú bíi pé ewé tí wọ́n bá lọ́wọ́ ẹnìkan jẹ́ igbó, kò yẹ kó dúró lórí ẹnu olùjẹ́jọ́ tí kì í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì.

Ìdí tí ẹni tí kò ṣe é fi ń ní òun ṣe é

Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n orílẹ̀-èdè yìí ni ilé-ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́bi. Ìgbẹ́jọ́ ni wọ́n ń dúró dè. Ẹ lọ sí Àgódì, ẹ lọ sí Kiríkirì, ẹ ó bá wọn. Ọkùnrin kan lè wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́sàn-án lórí ẹ̀sùn tó jẹ́ pé, bí wọ́n bá dá a lẹ́bi, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta tàbí owó ìtanràn ẹgbẹ̀rún díẹ̀ ni ìyà rẹ̀. Wọ́n fún un ní béèlì, kò rí oníduúró. Ọlọ́pàá tó ń tọpinpin ẹjọ́ rẹ̀ ti di ẹni tí wọ́n gbé lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Ẹlẹ́rìí kò wá lóṣù tó kọjá, kò wá lóṣù yìí. Ọjọ́ kan ni ẹnìkan á sọ̀rọ̀ sí i létí lẹ́yìn kóòtù: “Sọ pé o jẹ̀bi, wọ́n á ka iye ọjọ́ tí o ti lò, wàá sì lọ sílé lónìí.” Ẹ̀yin ènìyàn mi, ta ni nínú wa tí kò ní gbà?

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, kì í ṣe ẹ̀rí ọkàn ló mú un kúnlẹ̀. Bí àtìmọ́lé ṣe pẹ́ tó ló tì í lulẹ̀.

Òfin wa ṣọ́ ìjẹ́wọ́ tí wọ́n gbà ní àgọ́ ọlọ́pàá ju bó ṣe ṣọ́ èyí tí wọ́n gbà nínú kóòtù lọ, ohun tó sì ń dùn mí nìyẹn. Òfin Ẹ̀rí ti 2011, ní abala 29, kò gba ìjẹ́wọ́ tí wọ́n fi ìnira tàbí ìhalẹ̀ gbà. ACJA ní kí agbẹjọ́rò tàbí ẹni tí afurasí bá yàn wà níbẹ̀ nígbà tó bá ń sọ tẹnu rẹ̀, ó sì fi ààyè sílẹ̀ kí wọ́n ya fídíò rẹ̀. Bí ẹnìkan bá ní wọ́n nà mí kí n tó jẹ́wọ́, adájọ́ á dá ẹjọ́ ńlá náà dúró, á gbọ́ ẹjọ́ nínú ẹjọ́ láti mọ bóyá òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹni kan náà bá dúró níwájú adájọ́ tó ní “mo jẹ̀bi,” gbogbo ààbò wọ̀nyẹn ti bọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Kò sẹ́ni tí yóò béèrè ìwé ìjẹ́wọ́ mọ́, kò sẹ́ni tí yóò wo ọgbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ìbéèrè adájọ́ ní ìṣẹ́jú yẹn ni ààbò tó kù fún un. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn májísíréètì tí wọ́n ń gbọ́ ọgbọ̀n ẹ̀sùn láàárọ̀ kan pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí ẹ bá fi bi olùjẹ́jọ́ ní ìbéèrè kì í ṣe àsìkò tó ṣòfò.

Nígbà tí àwọn ńlá dúnàádúrà

Ẹ jẹ́ ká yí sí àdéhùn. Kó tó di pé òfin kan sọ̀rọ̀ ìdúnàádúrà ẹjọ́ ní kedere, abala 14 nínú òfin 2004 ti EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jẹgúdújẹrá, ti fún àjọ náà láyè láti gba owó kó sì fi ẹ̀sùn sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ló kọ́kọ́ fi ìdúnàádúrà sínú òfin ìgbẹ́jọ́ tirẹ̀, ní 2007, ACJA sì mú un wọ òfin ìjọba àpapọ̀ ní 2015. Láàárín àkókò yẹn, ohun tí ará ìlú rí ni pé àwọn olóyè ńláńlá nìkan ló ń jẹ àǹfààní rẹ̀.

Ní 2005, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀, Tafa Balogun, gba ẹ̀bi, wọ́n sì rán an ní ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ní 2007, gómìnà Bayelsa tẹ́lẹ̀, Diepreye Alamieyeseigha, gba ẹ̀bi ẹ̀sùn mẹ́fà, ó gba ọdún méjì méjì tó jọ ń lọ pọ̀. Nítorí pé wọ́n ka ọjọ́ tó ti wà látìmọ́lé, kò pẹ́ tó fi padà sílé. Ní 2008, ẹ̀sùn tó ju 100 lọ tí wọ́n fi kan Lucky Igbinedion, gómìnà Ẹdó tẹ́lẹ̀, wálẹ̀ di ẹyọ kan, owó ìtanràn rẹ̀ kò sì tó mílíọ̀nù mẹ́rin náírà. Ní 2010, Cecilia Ibru, ọ̀gá báńkì Oceanic, gba ẹ̀bi ẹ̀sùn mẹ́ta nínú 25, ó lo oṣù mẹ́fà, ó sì yọ̀ǹda dúkìá tí iye rẹ̀ tó bílíọ̀nù 190 náírà. Èyí tó kẹ́yìn yìí, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní òdodo, yàtọ̀ sí àwọn tó ṣáájú: owó tí wọ́n rí gbà níbẹ̀ pọ̀, kò sì dájú pé ìgbẹ́jọ́ ọdún mẹ́wàá ìbá mú ìdajì rẹ̀ wálé. Ṣùgbọ́n ará ìlú tó ń wò ó láti òkèèrè kò rí ìyàtọ̀. Ní 2011, Adájọ́ Àgbà orílẹ̀-èdè yìí nígbà náà, Dahiru Musdapher, jáde ní gbangba láti bu ẹnu àtẹ́ lu ìlànà náà, ó ní orísun rẹ̀ kò dá òun lójú, pé wọ́n mú un wá kí àwọn ọ̀daràn ńlá lè gúnlẹ̀ jẹ́jẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀ràn owó ìfẹ̀yìntì àwọn ọlọ́pàá wáyé. Lóṣù Kínní 2013, òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó gbà níwájú kóòtù ní Àbújá pé òun lọ́wọ́ nínú owó tó lé ní bílíọ̀nù 20 náírà rí ìdájọ́ gbà: ẹ̀wọ̀n ọdún méjì, tàbí kó san 750,000 náírà. Ó san án, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Àwọn ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń tò síta lábẹ́ oòrùn fún owó oṣù díẹ̀, gbọ́ èyí lórí rédíò. Gbogbo orílẹ̀-èdè figbe ta. Àjọ NJC, tó ń rí sí ìwà àwọn adájọ́, dá adájọ́ tó dá ẹjọ́ náà dúró fún ọdún kan láìgba owó oṣù. Ní 2018, Ilé-Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fagi lé ìdájọ́ náà, wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà pẹ̀lú sísan owó tó sún mọ́ bílíọ̀nù 23 náírà. Ẹ̀kọ́ òfin tó wà níbẹ̀ ni pé gbígba ẹ̀bi lè dín ìyà kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ sọ ìyà di yẹ̀yẹ́.

Àwọn ààlà inú abala 270

Lọ́jà, ẹni tó ni ọjà àti ẹni tó ni owó ló ń ná an, bí wọ́n bá gbà, ó parí. Nínú ìdúnàádúrà ẹjọ́, ohun tí olùpẹjọ́ àti olùjẹ́jọ́ ń ná kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ti opó tí wọ́n jí owó rẹ̀ ni, ti ìlú ni. Èyí ló mú kí abala 270 nínú ACJA di okùn mọ́ ọn lọ́tùn-ún lósì.

Olùpẹjọ́ kò gbọ́dọ̀ bá olùjẹ́jọ́ ṣe àdéhùn láìfi ọ̀rọ̀ lọ ọlọ́pàá tó tọpinpin ọ̀ràn náà àti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Bí ìgbẹ́jọ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ tàbí aṣojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kó tó kan olùjẹ́jọ́ láti kó ẹlẹ́rìí tirẹ̀ wá. Òfin ka àwọn ipò tó lè mú kí àdéhùn wáyé: kí ẹ̀rí olùpẹjọ́ máà tó láti fi ẹ̀bi náà múlẹ̀ láìsí iyèméjì, kí olùjẹ́jọ́ gbà láti dá owó tàbí ẹrù padà, tàbí, bó bá jẹ́ ọ̀ràn àjọṣe, kó ti ran àwọn olùtọpinpin lọ́wọ́ tọkàntọkàn. Ó dùn mí pé àwọn tó kọ abala yìí kò gún un kúnná: ibì kan ní gbogbo ipò náà gbọ́dọ̀ pé, ibì kan lò ó bíi pé ọ̀kan tó. Ó yẹ kí àwọn aṣòfin tún un kọ, nítorí pé inú ihò báyìí ni àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ ń gbà kọjá.

Àdéhùn náà gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Ó gbọ́dọ̀ hàn nínú ìwé náà pé wọ́n ti sọ fún olùjẹ́jọ́ pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́, pé kò sí dandan pé kó jẹ́wọ́ ohunkóhun. Adájọ́ tí yóò gbọ́ ẹjọ́ kò gbọ́dọ̀ bá wọn jókòó dúnàádúrà. Adájọ́ kì í jẹ́ alágbàsọ. Bí wọ́n bá gbé ìwé náà dé iwájú rẹ̀, yóò bi olùjẹ́jọ́ bóyá ó gba ẹ̀sùn náà lóòótọ́, bóyá ìfẹ́ inú rẹ̀ ni, bóyá ẹnikẹ́ni kò fipá mú un. Bí iyèméjì bá wà lọ́kàn adájọ́, yóò kọ “kò jẹ̀bi,” ìgbẹ́jọ́ yóò sì bẹ̀rẹ̀. Bó bá rò pé ìyà tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé lórí kéré jù, ó gbọ́dọ̀ sọ fún olùjẹ́jọ́ kó tó fi kún un, olùjẹ́jọ́ sì lè yọ ọwọ́. Bó bá yọ ọwọ́, adájọ́ mìíràn ni yóò gbọ́ ẹjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ mẹ́nu ba ohun tó gbà nínú àdéhùn àkọ́kọ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo abala náà, nítorí pé òun ló jẹ́ kí ẹni tó kúnlẹ̀ lè dìde.

Èyí tí mi ò fara mọ́ ni pé òfin ní kò sí ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí ìdájọ́ àdéhùn, àyàfi bí ẹnìkan bá ní ẹ̀tàn wà níbẹ̀. Ìwé Òfin 1999 ló fún wa ní ẹ̀tọ́ láti gbé ẹjọ́ lọ sókè. Lójú tèmi, òfin kékeré kò lè gba ohun tí òfin ńlá fúnni. Ọjọ́ kan ni Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ yóò fẹnu ọ̀rọ̀ náà jóná.

Àwọn ọmọ wa níwájú kóòtù

Lónìí, kì í ṣe gómìnà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń dúnàádúrà. Àwọn ọmọ wa ni. Láti Ìbàdàn dé Ìlọrin dé Abẹ́òkúta, ọ̀sẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá kí EFCC má kéde pé wọ́n ti dá àwọn ọ̀dọ́ lẹ́bi jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì. Bó ṣe máa ń lọ kò yàtọ̀ púpọ̀: wọ́n á ṣàtúnṣe ẹ̀sùn tí wọ́n kọ́kọ́ kọ, yóò di ẹyọ kan, nígbà mìíràn pé ó pe ara rẹ̀ ní òyìnbó tí kì í ṣe. Ọmọ náà á gba ẹ̀bi gẹ́gẹ́ bí àdéhùn. Adájọ́ á fún un ní oṣù díẹ̀ lẹ́wọ̀n, owó ìtanràn, tàbí iṣẹ́ ìlú, wọ́n á sì gbẹ́sẹ̀ lé fóònù, kọ̀ǹpútà àti ọkọ̀ tó fi owó náà rà.

Mi ò ní gbèjà olè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe é, opó kan ní ìlú òyìnbó sì ti sunkún nítorí wọn. Ẹni tó bá ṣe é, kó gbà, kó dá owó padà, kó jìyà tó tọ́ sí i. Ìdúnàádúrà dára fún irú èyí, ó ń gba àkókò kóòtù là, ó sì ń mú owó wálé. Ìbéèrè mi ni ti ọmọ tí wọ́n kó mọ́ wọn lóru ọjọ́ tí EFCC wọ ilé wọn, tó jẹ́ pé ó kàn wá sùn lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Àwọn òbí rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ ènìyàn rere, ló máa ń kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó gbà, kó lè tètè padà sí yunifásítì kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Bàbá tí kò fẹ́ kí ojú ti òun ń parí ìjà bí a ti ń parí ìjà nílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí tí ẹ wà níbí: kí ẹ tó ní kí ọmọ yín gbà, ẹ bi í ní ìkọ̀kọ̀ bóyá ó ṣe é. Bó bá ní òun kò ṣe é, ẹ wá agbẹjọ́rò. Bí owó kò bá sí, Legal Aid Council wà, ìjọba Èkó sì ní ọ́fíìsì Public Defender tí kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ aláìní.

Ohun tó wà lókè òkun

Ní Amẹ́ríkà, ó ju ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún lọ tí ìdálẹ́bi wọn ń ti ipa gbígba ẹ̀bi wá. Ìgbẹ́jọ́ gan-an ti di ohun tó ṣọ̀wọ́n. Ọkùnrin kan ní Kentucky, tí wọ́n ní ó fi ayédèrú sọ̀wédowó gba dọ́là 88 àti sẹ́ǹtì 30, ni olùpẹjọ́ sọ fún pé bó bá gbà, ọdún márùn-ún, bí kò bá gbà, òun yóò fi òfin àwọn tó ti dáràn tẹ́lẹ̀ mú un. Kò gbà. Wọ́n rán an ní ẹ̀wọ̀n gbére. Ní 1978, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ibẹ̀ ní kò sí aburú níbẹ̀, ìbò márùn-ún sí mẹ́rin. Mo ka ìdájọ́ yẹn sí ìtìjú, mo sì ń gbàdúrà kí àwọn adájọ́ wa má ṣe tọ ipa rẹ̀ láé. Ibi tí wọ́n ti ṣe dáadáa ni 2010, nígbà tí wọ́n ní agbẹjọ́rò gbọ́dọ̀ sọ fún oníbàárà rẹ̀ tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ náà bí gbígba ẹ̀bi bá lè lé e kúrò nílùú. Ẹ sọ fún àwọn ará wa tó wà ní Houston àti Baltimore.

Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n kọ ẹ̀dínkù ìyà fún ẹni tó bá gba ẹ̀bi síta kí gbogbo ènìyàn lè mọ̀ ọ́n: láti 2017, ẹni tó bá gbà níbi àkọ́kọ́ tí ó ti yẹ kó gbà á rí ìdá mẹ́ta ìyà rẹ̀ yọ, bó bá di ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ kó tó gbà, ìdá mẹ́wàá péré. Ibẹ̀ ni James Ibori, gómìnà Delta tẹ́lẹ̀, ti gba ẹ̀bi ẹ̀sùn mẹ́wàá ní 2012, tó sì gba ẹ̀wọ̀n ọdún 13, lẹ́yìn tí ilé-ẹjọ́ kan ní Asaba ti dá a sílẹ̀ lórí ẹ̀sùn 170 ní 2009. Kóòtù tí olùjẹ́jọ́ mọ̀ pé ó lè rí ẹ̀rí kó sì lò ó ni ó ń kúnlẹ̀ fún. Ibi tí ìgbẹ́jọ́ kò bá ti lágbára, àwọn tálákà nìkan ni yóò máa gba ẹ̀bi.

Nítorí náà, mo ń bẹ àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ tí wọ́n wà níbí: ẹ fi sínú òfin wa pé kò sẹ́ni tí yóò ti ipa gbígba ẹ̀bi wọ ẹ̀wọ̀n láìjẹ́ pé agbẹjọ́rò ti bá a sọ̀rọ̀ ṣáájú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka ìwé àdéhùn ní Yorùbá, tàbí ní èdè tí olùjẹ́jọ́ ń sọ nílé, kó tó tẹ̀ka tàbí fọwọ́ sí i. Kí owó tí wọ́n bá gbà sì dé ọwọ́ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, gẹ́gẹ́ bí abala 270 ti pàṣẹ, kó má ṣe rọ̀ sí àpò ìjọba.